Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣírò Oríkèé Igi Tí A Fi Síkúrù So

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń kọ́lé ní Àbújá, yálà ní Kubwa, ní Lugbe tàbí ní Gwarinpa, ni ẹnjiníà ti fi ìwé àyẹ̀wò òrùlé lé lọ́wọ́, tí a rí àwòrán igi tí a fi àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti búlúù kùn, tí a sì gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ewu. Ohun kan wà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ síta, òun náà ni ohun tí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́ nípa ibi tí igi kan ti pàdé igi kejì. Nínú ilé tí a fi igi kọ́, kì í sábà jẹ́ àárín igi ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ní oríkèé, níbi tí síkúrù, ìṣó tàbí bóòtì ti so wọ́n pọ̀. Oríkèé yìí kan náà sì ni kọ̀ǹpútà mọ̀ díẹ̀ jù lọ nípa rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹnjiníà ń lò, ìlà lásán ni igi. A ó fa ìlà kan fún igi ìdábùú, a ó fa òmíràn fún òpó, a ó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, irú igi tí ó jẹ́ àti ẹrù tí yóò gbé. Níbi tí ìlà méjì ti kan ara wọn, bí a kò bá sọ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò náà yóò gbà pé igi méjèèjì ti di ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, pé ìkankan kò lè yẹ̀ tàbí kí ó yí lára èkejì. Bí a bá sọ fún un pé híńjì ni, yóò gbà pé wọ́n lè yí láìsí ìdíwọ́ kankan, ṣùgbọ́n pé wọn kò lè sún kúrò ní ojúkò wọn rárá. Kò sí oríkèé onísíkúrù kan tí ó rí bí èyí tàbí bí ìyẹn. Àárín méjèèjì ni gbogbo wọn wà: wọ́n ń yẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń yí díẹ̀, bí ẹrù bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni yíyẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí a fi ń sọ èyí fún kọ̀ǹpútà ni pé kí a fi sípíríǹgì sí ojú oríkèé náà, kí a sì fún sípíríǹgì ọ̀hún ní nọ́ńbà kan, èyí tí ń sọ iye agbára tí yóò mú kí igi kan yẹ̀ lára èkejì ní ìwọ̀n mílímítà kan. Newton ni a fi ń wọn agbára yìí. Ìwúwo kílò kan kò jìnnà sí Newton 10.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ń kọ́lé mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí a bá tẹ̀ sí i ni yóò fi ṣírò. Bí a bá sì mú nọ́ńbà náà láti ara igi tí kì í ṣe irú èyí tí a óò rà ní ọjà pákó Dei-Dei, gbogbo àwòrán aláwọ̀ mèremère tí ó bá tẹ̀lé e yóò jẹ́ àwòrán ilé mìíràn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ rú fún àwọn ènìyàn ni pé agbára oríkèé yàtọ̀ sí líle rẹ̀. Agbára ni iye ẹrù tí oríkèé lè gbé kí ó tó bàjẹ́. Líle ni bí kò ṣe ń tètè yẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kò tíì tó èyí tí yóò bà á jẹ́. Ní 1949, ẹnjiníà ará Dẹ́nmáàkì kan tí ń jẹ́ K. W. Johansen tẹ àlàyé kan jáde lórí agbára, èyí tí Eurocode 5, ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ́ ilé onígi, ṣì dá lé. Ó ṣàlàyé pé bí a bá fa igi méjì tí irin róbótó so pọ̀ sí ọ̀nà òdìkejì, ó lè jẹ́ igi ni yóò rún lábẹ́ irin náà, tí irin yóò sì dúró gbọnin. Ó lè jẹ́ pé irin yóò tẹ̀ ní ojú kan. Ó sì lè jẹ́ pé yóò tẹ̀ ní ojú méjì, nígbà tí igi bá le tí ó sì dì í mú dáadáa. Ẹnjiníà yóò ṣírò gbogbo wọn, èyí tí ó bá kéré jù nínú wọn ni yóò sì mú. Ìṣirò yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí oríkèé yóò ṣe yẹ̀ tó kí ó tó dé ibẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn tí ó kàwé gan-an fi èkínní dá èkejì lóhùn.

Fún líle, Eurocode 5 ní ìṣirò tirẹ̀, ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ lè ṣe é. Ẹ mú bí igi ṣe kì tó, ìyẹn iye kílò tí ó wà nínú mítà kúbíìkì kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò onímejì ara rẹ̀, ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú díámítà síkúrù ní mílímítà, kí ẹ wá fi 23 pín in. Ìrókò tí ó gbẹ sábà máa ń tó kílò 650 ní mítà kúbíìkì kan, nígbà tí arère sábà máa ń wà ní nǹkan bí 380. Síkúrù tí díámítà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6 yóò fún wa ní nǹkan bí Newton 4,320 fún mílímítà kan nínú ìrókò, ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,930 péré ni yóò fún wa nínú arère. Bí a bá gbé ẹrù kílò 100 kọ́ síkúrù kọ̀ọ̀kan, ti ìrókò yóò yẹ̀ ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà kan, ti arère yóò sì yẹ̀ ní ìdajì mílímítà. Síkúrù kan náà, láti inú páálí kan náà, ọwọ́ káfíńtà kan náà: igi nìkan ni ó yàtọ̀.

Ó yẹ kí n sọ níbí pé àdánwò tí wọ́n ṣe lára igi ilẹ̀ Yúróòpù ni ìṣirò yìí dá lé jù lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì rọ̀ ju ìrókò tàbí apá lọ. Nàìjíríà ní ìlànà tirẹ̀ lórí lílo igi fún ilé kíkọ́, èyí tí a mọ̀ sí NCP 2, tí ó jáde ní 1973, tí ó pín àwọn igi wa sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára wọn. Ẹnjiníà tí ó mọṣẹ́ yóò wo méjèèjì, kò sì ní mú nọ́ńbà igi páìnì tí ètò kọ̀ǹpútà bá gbé wá fúnra rẹ̀ kí ó sì pè é ní igi wa.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ìdajì mílímítà já mọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú pákó tú-báì-fọ́ọ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 50, tí ó ga ní mílímítà 100, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3.6, èyí tí í ṣe gígùn tí a sábà ń rí lọ́jà. A gbé ọ̀kan lé orí èkejì kí wọ́n lè di igi ìdábùú kan. Bí a kò bá so wọ́n pọ̀ rárá, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí òkè yóò sì máa yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀. Bí a bá fi góòmù tí kì í yẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ra pátápátá, ìdábùú náà yóò le ní ìlọ́po mẹ́rin. Síkúrù yóò mú wa dé ibì kan láàárín ọ̀kan sí mẹ́rin, ibi tí yóò sì mú wa dé dúró lórí nọ́ńbà tí a ń sọ yìí àti bí àwọn síkúrù náà ṣe súnmọ́ ara wọn tó. Mo fi ọ̀nà ìṣirò tí ó wà ní ìparí Eurocode 5 ṣírò rẹ̀ fún ìrókò, pẹ̀lú síkúrù mílímítà 6 tí ó gùn tó láti wọ inú pákó ìsàlẹ̀ dáadáa, tí mo sì mú líle igi fúnra rẹ̀ ní Newton 10,000 fún mílímítà onígun mẹ́rin kan. Bí síkúrù bá wà ní gbogbo mílímítà 100, ìdábùú náà yóò le ní ìlọ́po 3.1. Bí káfíńtà bá fẹ́ dín ináwó kù, tí ó wá fi wọ́n sí gbogbo mílímítà 300, yóò já sí ìlọ́po 2.3. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá sọ nǹkan kan fún yóò dì í mú pé ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdábùú tí ó sọ pé yóò tẹ̀ ní mílímítà 10 yóò tẹ̀ ní 13 ní ti àkọ́kọ́, ní ti èkejì yóò sì tẹ̀ ju 17 lọ. Síkúrù kò já, igi kò ṣẹ́, síbẹ̀ sílíǹgì tí a kàn mọ́ abẹ́ rẹ̀ lè ti máa là.

Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé kí á kúkú mú oríkèé bí ohun tí ó rọ̀ gan-an, kí á lè wà ní ibi tí kò séwu. Èyí kò tọ̀nà nígbà gbogbo, ó sì yẹ kí a lóye ìdí rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ru àpótí tí ó wúwo, tí mẹ́ta nínú wọn bá tẹ orúnkún díẹ̀, ẹni kẹrin tí ó kọ̀ tí kò tẹ̀ ni gbogbo ẹrù yóò dà lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ara òrùlé: ẹrù máa ń wá oríkèé tí ó le jù lọ kàn. Bí a bá ṣírò oríkèé kan bí ohun tí ó rọ̀ nígbà tí ó le, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ẹrù tí ń dé ibẹ̀ kéré, a ó sì fi síkúrù díẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí ẹrù tí ó pọ̀ ni yóò wá bá a. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹnjiníà ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó kéré, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èyí tí ó pọ̀, kí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì lè fara da èyí tí ó bá burú jù fún un. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún kọ̀ǹpútà. Èmi kò rí àwáwí kankan fún ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ láìṣe.

Nọ́ńbà náà kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ẹrù bá súnmọ́ ibi tí oríkèé ti lè bàjẹ́, ìlànà ní kí á mú ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ péré. Fún ẹrù tí kì í kúrò, bí páànù, sílíǹgì àti táǹkì omi, igi a máa tẹ̀ síwájú lọ́dọọdún bí ẹrù náà kò tilẹ̀ pọ̀ sí i, oríkèé sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Fún igi tí ó wà nínú ilé, tí ó gbẹ, Eurocode 5 lo nọ́ńbà 0.6 fún igi, ó sì ní kí á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn 1.2, fún oríkèé igi mọ́ igi, kí á fi 1 kún un, kí á sì fi àpapọ̀ rẹ̀ pín líle oríkèé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé 4,320 ti ìrókò wa yóò di nǹkan bí 1,960 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ìbòòji ìta gbangba tí òjò ń rọ̀ sí, nọ́ńbà igi náà jẹ́ 2.0, tí ó di 4.0 fún oríkèé, líle oríkèé yóò sì já sí ìdá kan nínú márùn-ún.

Ní apá Àríwá níbí, ọ̀rọ̀ omi inú igi yìí le ju bí ó ti rí ní ilé lọ́hùn-ún. Púpọ̀ nínú pákó tí a ń rà ní Dei-Dei wá láti inú igbó Gúúsù, tí omi ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí ó bọ́ sílẹ̀ láti inú tírélà. Bí a bá kàn án mọ́lé ní oṣù kẹwàá, ọyẹ́ yóò dé ní oṣù kọkànlá tàbí kejìlá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò sì fa omi ara rẹ̀ jáde nígbà tí ó ti ru ẹrù. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì ní gígùn, ṣùgbọ́n ó máa ń sún kì ní ìbú. Pákó méjì tí a ti so pọ̀ tímọ́tímọ́ yóò là láàárín, orí síkúrù yóò dá dúró, ìfúnpọ̀ tí ó wà láàárín wọn yóò sì tán. Eurocode 5 pàápàá mọ èyí: fún igi tí a kàn mọ́lé pẹ̀lú omi púpọ̀ lára, tí yóò sì máa gbẹ lábẹ́ ẹrù, ó ní kí á fi 1.0 kún nọ́ńbà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí 0.6 di 1.6. Nọ́ńbà kékeré ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé àyẹ̀wò púpọ̀ tí ó rántí rẹ̀.

Ọ̀nà tí síkúrù dojú kọ náà ṣe pàtàkì. Síkúrù tí ó wọlé tààrà, tí igi méjì sì fẹ́ yọ̀ lórí ara wọn, ń ṣiṣẹ́ nípa pé kò jẹ́ kí a tẹ òun. Bí a bá dà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bíi dígírì 45, ní apá ibi tí ẹrù yóò ti máa fà á, eyín rẹ̀ yóò dì mọ́ fọ́nrán igi ní gbogbo gígùn rẹ̀, oríkèé náà yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá yí padà, bí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ṣe máa ń gbé òrùlé sókè, síkúrù tí wọ́n ń fà tẹ́lẹ̀ di èyí tí wọ́n ń tì, kò sì ní le bákan náà mọ́. Àwòṣe tí ó dára, ìyẹn àwòrán ilé tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò, gbọ́dọ̀ fún oríkèé ní sípíríǹgì lọ́tọ̀ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ̀ pé igi lè ti igi, ṣùgbọ́n igi kò lè fa igi láìsí síkúrù. Ẹni tí ó bá fi sípíríǹgì kan ṣoṣo tí ń fà tí ó sì ń tì bákan náà ṣírò ẹsẹ̀ òrùlé kò tíì ṣírò ìjì.

Oríṣi àwòṣe mìíràn wà tí ó yàtọ̀ sí ti ìlà àti sípíríǹgì. Nínú rẹ̀, a ó ya igi àti síkúrù bí wọ́n ṣe rí gan-an, a ó sì gé wọn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé wẹ́wẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùwádìí máa ń lò ó láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín eyín síkúrù àti fọ́nrán igi. Láti inú rẹ̀ ni àwòrán aláwọ̀ pupa ti sábà ń wá, pupa yẹn sì ni ó ń dẹ́rù bà àwọn ènìyàn tàbí kí ó tàn wọ́n jẹ. Ní etí ihò tí ó mú tàbí ní igun, bí a bá ṣe ń gé ègé náà kéré sí i ni nọ́ńbà ibẹ̀ yóò máa ga sí i, kò sì ní dúró láé. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé igi fẹ́ fọ́. Àbùkù ọ̀nà ìṣirò ni. Ẹnjiníà tí ó mọ̀ ọ́n yóò wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká kan, kì í ṣe ní ojú kan tí ó pọ́n jù. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ibi tí kò pọ́n rárá lè là, nítorí igi kò le bákan náà ní gbogbo ọ̀nà: ó lágbára gidigidi ní ọ̀nà fọ́nrán rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á ní ìdábùú fọ́nrán, agbára díẹ̀ ni yóò là á. Bí a kò bá sọ ìyàtọ̀ yìí fún kọ̀ǹpútà, yóò ṣírò igi bí ẹni pé irin ni.

Fún ilé gbígbé, mi ò rò pé àwòṣe oníwẹ́wẹ́ yìí pọn dandan. Sípíríǹgì tí nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà sàn ju àwòrán olówó ńlá tí nọ́ńbà rẹ̀ wá láti inú afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí àwòṣe méjèèjì kò lè rí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá káfíńtà fi dírìlì lu ihò kí ó tó yí síkúrù wọlé. Nínú igi líle bí ìrókò àti apá, ìlànà sọ pé dandan ni; ihò tí eyín síkúrù yóò wọ̀ sì sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún díámítà rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí mílímítà 4 fún síkúrù mílímítà 6, ṣùgbọ́n fún igi tí ó kì ju kílò 500 lọ ní mítà kúbíìkì kan, ìlànà ní àdánwò ni kí á fi mọ ìwọ̀n ihò náà. Bí a kò bá lu ihò, igi lè là ní ìlà fọ́nrán láìsí ẹni tí ó rí i, gbogbo ohun tí a ti ṣírò nípa líle oríkèé yẹn yóò sì di asán. Kò mọ̀ bóyá síkúrù súnmọ́ etí pákó jù. Bí a bá to síkúrù mẹ́wàá sórí ìlà kan ní ọ̀nà fọ́nrán, kì í sábà gbé ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ọ̀kan lè gbé, nítorí àwọn tí ó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni ẹrù ń pọ̀ lára wọn jù. Àwòṣe tí ó ka gbogbo wọn sí sípíríǹgì kan ṣoṣo kò ní fi èyí hàn.

Nítorí náà, bí ẹnjiníà bá gbé ìwé àyẹ̀wò wá, ẹ bi í léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé irú igi wo ni ó mú, kílò mélòó ni ó fi sí mítà kúbíìkì kan, nọ́ńbà wo ni ó fún oríkèé, ṣé ó sì ṣe ìṣirò ti òní àti ti ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ náà yóò dáhùn láìbínú. Ẹ sì lè yẹ igi tiyín wò fúnra yín. Ẹ ní kí káfíńtà gé ègé kan tí ó gùn ní mílímítà 100, tí ó fẹ̀ ní 50, tí ó sì nípọn ní 50, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa nínú ilé, nítorí arère tútù lè wúwo bí igi líle. Kí ẹ wá gbé e sórí òṣùwọ̀n tí àwọn onígóòlù tàbí àwọn tí ń ṣe kéèkì ń lò, kí ẹ sì sọ iye gíráàmù rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Iye kílò tí ó wà nínú mítà kúbíìkì kan nìyẹn: gíráàmù 162 yóò fún yín ní nǹkan bí 650, gíráàmù 95 yóò sì fún yín ní 380. Bí nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé bá ju èyí tí ẹ wọ̀n lọ gan-an, kí ẹnjiníà tẹ nọ́ńbà tuntun náà sí kọ̀ǹpútà, kí ó sì tún ìṣirò ṣe kí páànù tó gun orí òrùlé.